Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Ta Ló Ń Béèrè Ìyá Ọmọ?

 Èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni, ẹni tí ẹ máa ń rí tó ń gbé báàgì kiri ojúlé. Ẹ ti máa ń rí iṣẹ́ mi gbà lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ibà. Ti òní yìí yàtọ̀, ó sì gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ-ọmọ kà á sí i létí.

Ọ̀rọ̀ ìyálọ́mọ ni mo bá wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ọyàn. Ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ ni, bí inú rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn tí àwọn èrò ìkómọ ti jẹ, tí wọ́n ti mu, tí wọ́n ti ká ìbòrí kúrò lójú títì, tí kálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí a ṣe ń kí ìyálọ́mọ ní ilẹ̀ Yorùbá. "Ẹ kú ewu ọmọ" là ń sọ. Àwọn tó fi ìkíni yìí lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ewu ni obìnrin náà là kọjá, wọ́n sì fẹ́ kó mọ̀ pé àwọn mọ̀. Ìyá gan-an ni wọ́n ń kí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Láyé òde òní, bí a bá ti sọ "ẹ kú ewu" tán lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ni ojú wa ń wá. "Ọmọ dà? Ta ló jọ? Ṣé ó ń mu ọyàn? Ṣé ìwọ́ rẹ̀ ti já?" A kì í dúró gbọ́ ìdáhùn ìkíni tí a kí ìyá rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn náà, ọmọ ló ń gba gbogbo ojú. Ìyá á gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì. Ìyá á dì í sẹ́yìn padà, á lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá láàárín oṣù mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?"

*Èyí tó ní orúkọ àti èyí tí kò ní*

Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa pé nǹkan mẹ́ta ló lè bá ọkàn obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, a kò sì gbọdọ̀ kó wọn pọ̀.

Èkíní ni ẹkún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta. Ìyálọ́mọ á kàn máa sunkún láìsí ìdí, inú á tètè máa bí i, á tún rẹ́rìn-ín. Èyí tó ju ìdajì àwọn ìyálọ́mọ lọ ló ń ṣe. Àwọn họ́mónù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó gbé oyún ró, ló já wálẹ̀ lójijì, àìsùn sì tún kún un. Kì í ṣe àìsàn. Oúnjẹ, ìsinmi àti ọ̀rọ̀ tútù ló ń fẹ́. Kò yẹ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Èyí kì í lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, ó sì lè dúró di ìgbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó yọjú. Ayé á sú ìyá. Oúnjẹ kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ á sùn, òun kò ní lè sùn. Á máa rò pé òun kò dára tó láti jẹ́ ìyá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nínú 100 aláboyún, nǹkan bí 16 ni àìsàn ọkàn máa ń bá jà. Nínú 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nǹkan bí 20 ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn dókítà wa tó ṣe ìwádìí ní Iléṣà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, rí i pé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, nǹkan bí 15 nínú 100 ìyálọ́mọ ló wà nínú rẹ̀. Iléṣà ni mo wí o, kì í ṣe ìlú òyìnbó.

Ẹ̀kẹta ni abísínwín. Ẹ̀yin àgbà mọ èyí. Ó máa ń dé lójijì, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Obìnrin náà kò ní sùn rárá, á máa sọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ra, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì lè máa sọ pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ òun. Kò wọ́pọ̀. Ẹnì kan tàbí méjì nínú 1,000 ló ń ṣe.

Ó yẹ ká wo èyí dáadáa. Àwọn baba ńlá wa fún ẹ̀kẹta ní orúkọ, nítorí pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Èkejì, tó pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, kò ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu wa, nítorí pé jẹ́ẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀ nínú yàrá. Ohun tí kò bá sì ní orúkọ, orúkọ tó bá wá sí wa lẹ́nu là ń pè é. A ní, "Ọ̀lẹ ni." A ní, "Ó ń gbéra ga, kì í kí ènìyàn mọ́." A ní, "Kò fẹ́ràn ọmọ." A ní, "Ìyá ọkọ rẹ̀ ni kò fẹ́ rí." Àìsàn ni, a sì sọ ọ́ di ìwà. Ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ pé ìwà rẹ̀ kò dára, kì í wá ìwòsàn. Ńṣe ló ń sá pamọ́.

*Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́*

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ìyálọ́mọ tó wọlé wá tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe mí." Ohun tí wọ́n ń wí ni pé: "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan ń rìn mí lórí." "Àyà mi ń já." "Ara mi kò gbé nǹkan kan." Ará ilé á ní ibà ni, wọ́n á ra àgbo. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn kò ní rí ibà. Wọ́n á tún ra àgbo mìíràn.

Àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé orí gbígbóná àti ohun tó ń rìn lórí wà lára bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń sọ ìdààmú ọkàn jáde. Nítorí náà, bí ìyálọ́mọ bá sọ fún yín pé orí òun ń gbóná, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbé obìnrin dè títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bóyá ibà wà níbẹ̀. Bí gbogbo ìyẹn bá mọ́, ẹ jókòó, kí ẹ wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

*Ìyá alákàrà*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tí a jọ wà ní àdúgbò. Mo ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́.

Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ ló ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ kejì ló bí. Èyí àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá tó bí i ti kú. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá fún ìkómọ, ó lo ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà sídìí ọjà tó ń tà. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní Lẹ́kí. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jáde, aago mọ́kànlá òru ló ń wọlé. Àwọn ará ilé ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti di agbéraga láti ìgbà tó ti bí ọkùnrin. Kì í kí ènìyàn mọ́ ní àtẹ̀gùn.

Ìyá àgbà kan wà tó ń din àkàrà níwájú ilé náà. Òun kò bá wọn dá sí i. Ohun tó rí yàtọ̀. Ó rí i pé fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí aṣọ ọmọ lórí okùn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ méje kì í jẹ́ kí okùn sinmi. Ìyá àgbà yìí kò sọ pé obìnrin náà dọ̀tí. Ó bu ògì gbígbóná sínú abọ́, ó fi àkàrà mẹ́rin lé e, ó gòkè lọ. Ó jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mi ò wá wo ọmọ o. Ìwọ ni mo wá wò."

Obìnrin náà sunkún fún ìgbà pípẹ́. Ìyá kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ó ń ṣe mí bíi pé tí n kò bá sí, wọ́n á rí ẹni tó dára jù mí lọ tọ́ àwọn ọmọ yìí."

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, a ó pariwo "Ọlọ́run má jẹ́!", a ó sì fi ìyẹn pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá alákàrà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kó tún un sọ kí òun gbọ́ ọ yé. Ó pè mí lórí fóònù. Ó sì sùn sí yàrá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti ìyálọ́mọ àti ọmọ méjèèjì.

Mo bi obìnrin náà ní tààrà bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ènìyàn lórí. Èrò náà ti wà níbẹ̀. Bíbéèrè ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń dá gbé e rí ẹni bá a gbé e. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹni bi í kò ní ohun tó fẹ́ ṣe ju kó dákẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta la jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Dókítà fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò. Ó ń rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ mú ọmọ ńlá sọ́dọ̀ fún oṣù méjì. Ọkọ rẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún ìsinmi ọjọ́ kan sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan ló fi yá. Ó tó oṣù márùn-ún. Ṣùgbọ́n ó yá. Ọmọ náà ti ń sáré kiri iwájú ilé báyìí, ó ń jí àkàrà ìyá jẹ.

*"Láyé tiwa ńkọ́?"*

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò níbi tí ẹ kàwé dé yìí, torí ẹ ti sọ ọ́ fún mi lójú rí. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ méje ni mo bí. Irú èyí kò ṣe mí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló rọ̀ jù."

Ìyá mi, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí ẹ bí àkọ́bí yín, ta ló wẹ ọmọ? Ta ló fi omi gbígbóná tẹ ikùn yín? Ta ló ro ẹ̀kọ? Ta ló gba ọmọ mọ́ra lóru kí ẹ lè fi orí kan ìrọ̀rí? Àwọn ènìyàn kún agbo ilé nígbà náà. Ìyàwó ńlá wà, ìyá ọkọ wà, àbúrò ọkọ wà. Ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí ń san owó ilé ní yàrá kan ṣoṣo, òun nìkan ló wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dòru. Ẹrù kan náà ni. Ènìyàn mẹ́fà ló bá yín gbé tiyín. Òun nìkan ló ń gbé tirẹ̀.

Mo sì tún gbà pé láyé àtijọ́ náà, àwọn kan wà tí a kò rí wọn. Obìnrin tó kàn ń rù lọ. Èyí tí wọ́n dá padà sílé bàbá rẹ̀ pé kò mọ ọmọ tọ́. Èyí tí wọ́n ní ayé ló ṣe é. Bí ẹ bá ronú sẹ́yìn dáadáa, ẹ ó rí ọ̀kan nínú ìdílé yín.

Òwe wa kan ní: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ànjọ̀fẹ́, ànjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ, èrò kún ojú títì, aṣọ ẹbí ń dán. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń wọlé, kò sí ẹnì kan.

*Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò dúró*

Àwọn ìyá kan wà tí wọn kò ṣe ìkómọ kankan. Oyún bà jẹ́ ní oṣù karùn-ún, tàbí ọmọ dé tí kò sunkún, tàbí ó lo ọjọ́ díẹ̀ ó sì lọ. A mọ ohun tí a máa ń sọ fún wọn: "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, inú rere la fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí ìyá náà gbọ́ ọ. Òun ni agbè tí ẹ ń sọ. A ń bá a yọ̀ pé kò fọ́, nígbà tí inú rẹ̀ ti fọ́. Omi tí a ní ó dànù yẹn, ó ti fún un ní orúkọ lọ́kàn rẹ̀. Ọyàn rẹ̀ ṣì kún fún wàrà tí kò rí ẹni mu ún.

Mi ò ní kí ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó sọ nípa ọmọ náà bó bá fẹ́. Ẹ má ṣe ní kó tètè lóyún mìíràn kó lè gbàgbé. Ìyá tó pàdánù ọmọ wà lára àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń mú jù, pẹ̀lú èyí tí ọkọ ń lù, èyí tí kò lówó oúnjẹ, èyí tí ó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì rí, àti èyí tí wọ́n ń fi ojú burúkú wò torí pé obìnrin ló tún bí.

*Àwọn bíi tiyín ló ń ṣe é*

Ẹ lè máa rò pé iṣẹ́ dókítà ńlá lèyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nítòsí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 29. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú aláboyún níbẹ̀, tí wọn kì í ṣe dókítà ọpọlọ, láti dá ìrẹ̀wẹ̀sì mọ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Aláboyún 686 tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n bá ṣe é. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019: nígbà tí ọmọ fi pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bíi 7 nínú 10 àwọn ìyá yẹn ti bọ́ nínú rẹ̀.

Ní àwọn abúlé kan ní Pakistan, Dókítà Atif Rahman kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tó ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ń jókòó ti aláboyún àti ìyálọ́mọ tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì, wọ́n ń bá wọn tú èrò burúkú palẹ̀, wọ́n sì ń fa ará ilé wọ̀ ọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Lára àwọn tí wọ́n kàn bẹ̀ wò lásán, 53 nínú 100 ló ṣì wà nínú ìrẹ̀wẹ̀sì nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà. Lára àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọ́n kọ́ yìí, 23 ló kù.

Ti Zimbabwe ló dùn mọ́ mi jù. Ní 2006, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Harare pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà 14. Wọ́n gbé àga gbọọrọ sábẹ́ igi lágbàlá ilé ìwòsàn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú á wá jókòó ti ìyá àgbà, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìyálọ́mọ nìkan ló wà fún. Àwọn ìyá náà kò lo èdè dókítà. Wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé wọn ń lò ní èdè Shona, tó túmọ̀ sí "ìrònú àpọ̀jù". Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ní Igbosere, a kò ṣaláìní àga, a kò sì ṣaláìní ìyá àgbà.

*Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún*

1. Bí ẹ bá lọ kí ìyálọ́mọ, ẹ béèrè tirẹ̀ kí ẹ tó béèrè ti ọmọ. Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

2. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì yìí, níbi tí kò sí èrò: "Láti bí oṣù kan, ṣé inú rẹ máa ń bà jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí kí ó dà bíi pé kò sí ìrètí?" àti "Ṣé àwọn nǹkan tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ?" Bí ọ̀kan bá fi hàn pé nǹkan kò lọ dáadáa, tó sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ bá a wá. Ẹ má kàn ní kó máa lọ.

3. Ẹ bá a gbé ọmọ kó lè sùn. Wákàtí mẹ́ta tí kò sí ẹni tó jí i, ó sàn fún un ju ẹ̀bùn ìkómọ mìíràn lọ.

4. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀sẹ̀ kẹfà sínú ìwé wọn. Bí ẹ ti ń yan ẹni tí yóò ṣètò aṣọ ìkómọ, ẹ yan ẹni méjì tí yóò padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, láìsí ìlù, láìsí kámẹ́rà.

5. Ẹ̀yin bàbá, ẹ pe àwọn ọmọkùnrin yín. Ẹ sọ fún wọn pé gbígba ọmọ mọ́ra lóru kò bu ọkùnrin kù. Ẹni tó bá sì ń na ìyàwó rẹ̀, ẹ̀yin lẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má dákẹ́.

6. Ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ gbàdúrà fún un, àdúrà dára. Ṣùgbọ́n kó máa gba ìtọ́jú lọ pẹ̀lú àdúrà. Ẹ má dè é, ẹ má nà án, ẹ má febi pa á. Ìyálọ́mọ ni.

*Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la*

Bí ìyálọ́mọ bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí pé òun fẹ́ ṣe ọmọ ní jàǹbá. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ. Bí kò bá sùn fún ọjọ́ méjì tí kò sì rẹ̀ ẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú. Tàbí bí gìrì bá gbé e: ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ yín. Lóru, ẹ pe 112 tàbí 767. Kì í gba owó. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn, ọ̀bẹ àti oògùn eku kúrò nítòsí. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má pariwo lé e lórí.

Mo mọ̀ pé Yábàá ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn náà ti wà níbẹ̀, a sì ti fi orúkọ rẹ̀ bú ara wa títí, débi pé ẹni tó ń kú lọ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká sinmi èébú yẹn. Àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ tí wọ́n ń gba oògùn, tí wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà, pọ̀ gan-an. Òfin wa pàápàá ti yí padà: ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, ó rọ́pò ti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, èyí tó jẹ́ pé wèrè ni orúkọ tó fi ń pe aláìsàn. Ẹni tí ara ọkàn rẹ̀ kò yá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú àti ọ̀wọ̀.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa pé kí ará ilé wà nínú ìwòsàn. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tó ń bá wọn dáná, tó ń bá wọn gbé. Wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà, wọ́n sì wà láàárín ènìyàn. Gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ohun tí Lambo mọ̀ nígbà náà ni ìyá alákàrà mọ̀ láìka ìwé: a kì í fi aláìsàn ọkàn dá gbé.

Ó dájú pé ẹnì kan ti bímọ ní òpópónà yín láàárín oṣù mẹ́ta yìí. Ẹ ti mọ orúkọ ọmọ. Ẹ lọ béèrè ìyá rẹ̀ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọlọ́run yóò bá wa dá àwọn ìyálọ́mọ wa sí. Abiyamọ kò ní fi ẹkún ṣe ìdákẹ́jẹ́. Àwọn tó wà nínú oyún á sọ̀ láyọ̀, tìyá tọmọ, tara tọkàn. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, kí ẹ sì kà á sókè ní ìpàdé yín.

Nọ́ọ̀sì yín ni.